Ojú Kan Náà Ni Kí Ẹ Fi Máa Ṣọ́ Ọ̀gbẹlẹ̀ àti Omíyalé: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àjọ Ojú Ọjọ́ Àgbáyé

Sí Akọ̀wé Àgbà Celeste Saulo, àti gbogbo ẹ̀yin aṣojú orílẹ̀-èdè nínú Àjọ Ojú Ọjọ́ Àgbáyé, WMO, ní Geneva.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àìsùn. Iṣẹ́ tí ọpẹ́ rẹ̀ kì í pọ̀ ni iṣẹ́ yín. Bí ìkìlọ̀ bá tètè dé, tí àwọn èèyàn sá kúrò lọ́nà omi, kò ní sí òkú láti kà, kò sì ní sí ẹni tí yóò rántí pé ẹnìkan ló tètè ké gbàjarè. Nítorí náà, kí n tó sọ ohun tó ń dùn mí, mo kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo mú wá. Gbogbo ilẹ̀ tí omi òjò rẹ̀ ń wá já sínú odò kan náà, láti orí òkè títí dé ẹnu òkun, ni mo máa pè ní ilẹ̀ odò nínú lẹ́tà yìí. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń ṣọ́ ilẹ̀ odò kọ̀ọ̀kan máa ṣọ́ ọ̀gbẹlẹ̀ àti omíyalé pa pọ̀, láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá, kí àwọn orílẹ̀-èdè tó ń lo odò náà sì máa rí àkọsílẹ̀ ara wọn ní gbogbo oṣù yẹn, kì í ṣe ní àsìkò òjò nìkan.

Ní oṣù kẹta ọdún 2022, Akọ̀wé Àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, António Guterres, kéde pé kó tó di ìparí 2027, kò gbọdọ̀ sí ẹ̀dá kan láyé tí ìkìlọ̀ ewu ojú ọjọ́ kò ní máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin ló ní kí ẹ ṣíwájú iṣẹ́ náà. Ìpinnu rere ni, mo sì gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa kìlọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ríran. Lórí odò, ohun tí a fi ń ríran ni òpó ìwọ̀n omi tó wà létí bèbè, agolo tí a fi ń wọn òjò, kànga tí a fi ń wo bí omi abẹ́ ilẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò, àti èèyàn tó ń kà wọ́n. Bí àwọn wọ̀nyí bá sùn fún oṣù mẹ́jọ nínú ọdún, fóònù tó bá dún lọ́jọ́ ewu kò ní rí òótọ́ kankan sọ.

Ní ibi púpọ̀, ọ́fíìsì tó ń wo omíyalé yàtọ̀ sí èyí tó ń wo ọ̀gbẹlẹ̀. Ti omíyalé wà lọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ pàjáwìrì, ti ọ̀gbẹlẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ọ̀gbìn. Owó wọn yàtọ̀, àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n ń lò yàtọ̀, ìgbà tí wọ́n ń jí lọ́dún náà sì yàtọ̀. Omi kan náà sì ni wọ́n jọ ń wò. Nígbà tí òjò bá rọ̀, ilẹ̀ á mu díẹ̀, ewéko á mu díẹ̀, oòrùn á fa díẹ̀ lọ, èyí tó kù ni yóò di àgbàrá. Bí èyí tó kù ṣe máa pọ̀ tó wà lọ́wọ́ bí ilẹ̀ ṣe wà kí òjò tó dé. Ilẹ̀ tó ti mu omi yó kò ní gba ẹ̀kán kan mọ́. Ilẹ̀ tó ti gbẹ fún oṣù púpọ̀ náà lè kọ omi, torí ojú rẹ̀ ti le, koríko tó yẹ kó dá omi dúró ti kú, òjò ńlá àkọ́kọ́ á sì ṣàn lórí rẹ̀ bí ìgbà tó bá rọ̀ sórí páànù. Òjò kan náà, ilẹ̀ odò kan náà, ó lè jẹ́ ìbùkún ní ọdún kan, kó jẹ́ àjálù ní ọdún kejì. Ẹni tó ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ omíyalé láìmọ ohun tí ọ̀gbẹlẹ̀ ti ṣe sí ilẹ̀ náà, àbọ̀ ọ̀rọ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ wo Valencia ní ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún 2024. Ilẹ̀ Sípéènì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti inú ọ̀gbẹlẹ̀ ọlọ́dún mélòó kan bọ̀ ni. Òjò tó rọ̀ sí ìlú Turís ní agbègbè náà láàárín wákàtí 24 lé ní mílímítà 770. Láti òwúrọ̀ ni àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ti gbé ìkìlọ̀ pupa jáde. Nígbà tí aago méje alẹ́ ku ìṣẹ́jú 5, ẹ̀rọ tó ń wọn omi ní Poyo, ojú omi kan ní agbègbè náà, kọ iye tó lé ní mítà kúbíìkì 2,200 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, lẹ́yìn náà ni omi gbé ẹ̀rọ náà lọ. Ìkìlọ̀ tó dé sórí fóònù àwọn ará ìlú kò jáde àfi ìgbà tí aago mẹ́jọ ti kọjá ìṣẹ́jú 11. Ó lé ní 220 èèyàn tó kú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti sọ̀rọ̀ lórí wákàtí tó pẹ́ yẹn, ó sì yẹ kí wọ́n sọ ọ́. Ohun tí n kò gbọ́ kí wọ́n tẹnu mọ́ tó ni pé ojú omi Poyo máa ń gbẹ táútáú fún èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún. Ta ló ń ṣọ́ odò tí kò sí omi nínú rẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Derna ní Líbíà. Àfonífojì tó gba àárín ìlú náà kọjá máa ń gbẹ nígbà púpọ̀. Ní àwọn ọdún 1970 ni wọ́n kọ́ dáàmù méjì sí òkè ìlú nítorí omi tó ti ṣọṣẹ́ níbẹ̀ rí. Ní 2022, onímọ̀ kan ní Yunifásítì Omar Al-Mukhtar tẹ ìwádìí jáde pé àwọn dáàmù náà ń fẹ́ àtúnṣe kíákíá, pé bí omi ńlá bá dé, ìlú wà nínú ewu. Ní oṣù kẹsàn-án 2023, ìjì Daniel dé. Òjò tó rọ̀ sí Al-Bayda, ìlú mìíràn ní Líbíà, ní ọjọ́ kan ṣoṣo lé ní mílímítà 414. Dáàmù méjèèjì fọ́ lóru, omi sì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lọ sínú òkun. Petteri Taalas tó jẹ́ ọ̀gá yín nígbà náà sọ ọ́ gbangba pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó kú ni ìkìlọ̀ tó péye ì bá gbà là. Ẹ sì rántí pé nínú ìròyìn tí ẹ̀yin fúnra yín gbé jáde lórí omi ayé, 2023 yìí kan náà ni ẹ pè ní ọdún tí àwọn odò àgbáyé gbẹ jù láàárín ọdún 33. Ọdún tí odò gbẹ jù ni omi run Derna. Bí èyí kò bá tó láti mú kí a jókòó sídìí tábìlì kan ṣoṣo, n kò mọ ohun tó tún máa tó.

Àwọn ará àtijọ́ kò pín iṣẹ́ yìí sí méjì. Ní erékùṣù Rawda ní Cairo, òpó òkúta kan wà nínú kànga jíjìn tí wọ́n kọ́ ní ọdún 861, tí wọ́n fín ìgbọ̀nwọ́ sí lára láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Omi odò Náílì ń gba ihò wọ inú kànga náà, ibi tí omi bá dé lára òpó ni wọ́n ń kà. Bí kò bá gùn tó ìgbọ̀nwọ́ 16, wọ́n mọ̀ pé ìyàn ń bọ̀. Bó bá gùn kọjá ààlà, wọ́n mọ̀ pé oko àti ilé yóò bá omi lọ. Owó orí ọdún náà pàápàá, ohun tí òpó bá sọ ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó gbà á. Wọ́n ń kọ ibi tí omi kéré dé àti ibi tó ga dé lọ́dọọdún, àkọsílẹ̀ wọn sì gùn ju 600 ọdún lọ. Harold Edwin Hurst, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó fi èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí odò Náílì, wà lára àwọn tó jẹ èrè àkọsílẹ̀ yìí. Ó ń wá bí adágún tí dáàmù máa dá sílẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó kó tó lè mú orílẹ̀-èdè la ọdún tí omi kò tó já. Ohun tó tẹ̀ jáde ní 1951 ni pé ọdún ọ̀dá kì í dá wá. Ó máa ń kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ọdún tí omi pọ̀. Kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́wàá, tàbí nínú àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń ṣí ní àsìkò òjò tí wọ́n sì ń pa dé lẹ́yìn rẹ̀.

Àkọsílẹ̀ kúkúrú ti tan àwọn ọlọ́gbọ́n jẹ rí. Nígbà tí ìpínlẹ̀ méje ní Amẹ́ríkà jókòó pín omi odò Colorado ní 1922, ọdún tí wọ́n fi ṣe ìṣirò jẹ́ ọdún tí òjò pọ̀ ju bó ti yẹ lọ. Omi tí wọ́n pín lórí ìwé ju omi tó wà nínú odò, àwọn ọmọ ọmọ wọn sì ń bá gbèsè náà yí títí di òní. Ní àfonífojì Ahr ní Jámánì, apá kejì ìtàn kan náà ni wọ́n rí. Omi ti pa èèyàn níbẹ̀ ní 1804 àti ní 1910, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni òpó ìwọ̀n omi tó wà ní Altenahr bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀, orí àkọsílẹ̀ kúkúrú yẹn ni wọ́n sì gbé àwòrán ewu ka. Lóru ọjọ́ 14 oṣù keje 2021, omi wọ́ òpó náà lọ kó tó dé ibi gíga tó máa dé. Ó lé ní 130 ènìyàn tó kú ní àfonífojì yẹn nìkan, ní orílẹ̀-èdè tí kò ṣaláìní owó tàbí onímọ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á sọ pé sátẹ́láìtì ti dé, pé a kò nílò kí ẹnìkan máa dúró létí odò mọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn sátẹ́láìtì náà gidigidi. GRACE láti 2002, àti arọ́pò rẹ̀ láti 2018, ń fi bí òòfà ilẹ̀ ṣe ń yí padà mọ̀ bóyá omi abẹ́ ilẹ̀ ń dín kù. Ohun ìyanu ni, torí kò sí ojú ènìyàn tó lè rí i. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó fẹ̀ tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà ló ń wò lẹ́ẹ̀kan, kò lè sọ ti odò kékeré kan fún wa. SWOT tí Amẹ́ríkà àti Faransé jọ gbé sókè ní oṣù kejìlá 2022 ń wọn gíga omi nínú odò tó bá fẹ̀ tó mítà 100, ọjọ́ 21 sì ni ó fi ń parí ìyípo kan. Omi Poyo kò gbà ju wákàtí díẹ̀ lọ láti inú gbígbẹ dé ìparun. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kí làwọn onímọ̀ fi ń yẹ sátẹ́láìtì wò bóyá òótọ́ ló ń sọ? Òpó etí odò kan náà ni.

Òpó náà kò sì lè dá ṣiṣẹ́. Gíga omi nìkan ló ń sọ. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ gan-an ni iye omi tó ń kọjá. Kí gíga tó lè di iye, ẹnìkan gbọ́dọ̀ ti lọ sójú odò náà lọ́pọ̀ ìgbà, nígbà tí omi kéré, nígbà tó mọ níwọ̀n, nígbà tó kún dé bèbè, kó wọn bó ṣe fẹ̀, bó ṣe jìn, àti bó ṣe ń sáré tó, kó sì fi àwọn ìwọ̀n wọ̀nyẹn ya ìlà tó so gíga mọ́ iye. Ìlà yìí kì í pẹ́ bàjẹ́. Omíyalé kan ṣoṣo lè gbẹ́ ìsàlẹ̀ odò, yanrìn lè dí i, igi lè wó dábùú rẹ̀, ìlà ọdún tó kọjá á sì di irọ́. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ ni irọ́ náà máa ń pọ̀ jù, torí nígbà tí omi bá ti tán lọ, àṣìṣe sẹ̀ǹtímítà mélòó kan lè jẹ́ ìdá ńlá nínú gbogbo ohun tó kù. Síbẹ̀, nígbà yẹn gan-an ni owó ọkọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ kì í jáde, torí kò sí ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Àwọn tó bí wa ní bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Wọn kò ní kó dìgbà tí àìsàn bá dé.

Ìwọ̀n tó lè so apá méjèèjì pọ̀ kò ṣòro láti rí. Ní 1993, àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní Colorado, McKee, Doesken àti Kleist, gbé ìwọ̀n SPI jáde, èyí tó ń fi òjò oṣù kan, mẹ́ta, mẹ́fà tàbí méjìlá wé ohun tí ibẹ̀ ti mọ̀ láti ọdún pípẹ́. Òdo ni àárín. Bó bá lọ sí -2, ọ̀gbẹlẹ̀ tó le gan-an ni. Bó bá lọ sí +2, omi ti pọ̀ kọjá ààlà. Ní ìpàdé tí ẹ pè sí ìlú Lincoln ní Amẹ́ríkà ní 2009, àwọn onímọ̀ yín ní kí gbogbo iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ láyé máa lo ìwọ̀n yìí fún ọ̀gbẹlẹ̀. Apá òsì rẹ̀, ìyẹn apá ọ̀gbẹlẹ̀, nìkan ni ọ̀pọ̀ ń kà láti ìgbà náà.

Ọ̀rọ̀ ibodè ló wá dùn mí jù. Láti 2002 ni China ti ń fún àwọn orílẹ̀-èdè ìsàlẹ̀ odò Mekong ní àkọsílẹ̀ gíga omi láti ibùdó rẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n àsìkò òjò nìkan ni. Nígbà tí àsìkò òjò bá parí, ìròyìn á dákẹ́. Oṣù tó dákẹ́ yẹn gan-an ni àgbẹ̀ àti apẹja ìsàlẹ̀ odò nílò láti mọ iye omi tí dáàmù òkè dá dúró àti èyí tó tú sílẹ̀. Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ 2019 mú wọn, ojú là wọ́n. Ní oṣù kẹwàá 2020, China gbà láti máa fún Àjọ Odò Mekong ní àkọsílẹ̀ náà yípo ọdún. Mo mú àpẹẹrẹ yìí wá nítorí pé ó fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Orílẹ̀-èdè tó lágbára jù lórí odò náà gbà, ayé kò sì bàjẹ́. Kí ló dé tí a fi ní láti dúró de ìyà kí irú rẹ̀ tó ṣẹlẹ̀ lórí àwọn odò yòókù?

Ẹ̀yin ní àṣẹ tí ẹ lè fi béèrè rẹ̀. Ní 1999, ìpàdé àpapọ̀ yín fẹnu kò lórí pípín àkọsílẹ̀ omi láàárín orílẹ̀-èdè. Ní oṣù kẹwàá 2021, ẹ tún ṣe òfin tuntun lórí dátà, ẹ sì fi ti omi sí i. Ilé àkójọ àkọsílẹ̀ odò àgbáyé tó wà ní Koblenz ní Jámánì ti ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ àbójútó yín láti 1988. Ilẹ̀kùn ṣí, ṣùgbọ́n ohun tó ń gba ibẹ̀ wọlé ń dín kù: àkọsílẹ̀ tí wọ́n ní fún àwọn ọdún àìpẹ́ yìí kò tó ti àwọn ọdún 1970 àti 1980. Àwọn òpó kan ti wó, àwọn kan tó ń kà wọ́n ti fẹ̀yìn tì láìsí arọ́pò, àwọn ìjọba kan sì ń fi àkọsílẹ̀ omi pamọ́ bí àṣírí ogun. Ẹ mọ èyí jù mí lọ.

Nítorí náà ni mo fi ń bẹ̀ yín, ní ìpàdé àpapọ̀ yín tó ń bọ̀, kí ẹ kọ ọ́ sínú òfin dátà pé àkọsílẹ̀ gíga omi àti iye omi lórí odò tó kọjá ibodè jẹ́ ohun tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ máa fún aládùúgbò rẹ̀ yípo ọdún, láìgba owó, láìdúró de ìgbà òjò. Ẹ jẹ́ kí àwọn ojú omi tó máa ń gbẹ, irú ti Poyo àti ti Derna, wà lára ibi tí a ó kọ́kọ́ gbé òpó sí, dípò kí wọ́n kẹ́yìn. Ẹ bá àwọn tó ń fi owó ṣètìlẹ́yìn sọ ọ́ pé owó tí wọ́n fi ra ẹ̀rọ kò tó, bí kò bá sí owó tí yóò gbé òṣìṣẹ́ dé ibẹ̀ láti tún ìlà yà ní ọdún kẹwàá. Mo kúkú fẹ́ kí wọ́n ra ẹ̀rọ mẹ́wàá tó ń ṣiṣẹ́ ju 100 tó ti kú lọ. Kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan tó bá fẹ́ kí ẹ ka òun mọ́ àwọn tó ti ní ìkìlọ̀ tó péye ní 2027 pé kó fi orúkọ ọ́fíìsì kan ṣoṣo hàn yín lórí odò rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, èyí tó ń gbé ìròyìn ọ̀gbẹlẹ̀ àti ti omíyalé jáde lọ́wọ́ kan náà ní oṣooṣù, kódà ní oṣù tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ẹ̀yin lẹ ní ìwé, ẹ ní onímọ̀, ẹ ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 180 lábẹ́ òrùlé kan. Mo kọ lẹ́tà yìí ní gbangba, mo sì ń retí èsì yín ní gbangba, pàápàá lórí ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀ yípo ọdún.

Èmi ni,
Ẹni tí ọ̀rọ̀ odò ń ká lára